Aṣọ Àrán ní Annapolis

Ọjọ́ 90 péré ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, fi ń jókòó lọ́dún ní Annapolis, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí òtútù ń wọ eegun, wọ́n á sì palẹ̀ mọ́ nínú oṣù Igbe. Aṣòfin 188, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbá òfin, ọjọ́ 90. Ẹni tó bá ti dé ọjà Bódìjà nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la mọ irú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ tí mò ń wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, èmi àti àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ tí a jọ ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ilé wọn la jọ lọ. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ la bá lọ. Ẹni tó kó wa lọ ti kọ́ wa nínú ọkọ̀: ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún olúkúlùkù, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ àdúgbò yín, ẹ má sunkún, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì la wọ̀. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó pè wá, bàtà sì ti jẹ mí lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí àwọn kan tó ń kọjá lọ kọjá bọ̀. Wọn kì í ṣe aṣòfin, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àmọ́ kò sí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí fún wọn. Wọ́n mọ orúkọ ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mọ aṣòfin tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, wọ́n sì mọ èyí tí orúnkún ń dùn. Àwa ní ìṣẹ́jú méjì. Kò sẹ́ni tó ń ka ìṣẹ́jú mọ́ tiwọn lọ́wọ́. Mo béèrè pé ta ni wọ̀nyí. Ẹni tó kó wa lọ rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn alọ́bì nìyẹn, àwọn tí iléeṣẹ́ ńláńlá ń sanwó fún kí wọ́n lè máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ sétí aṣòfin.

Alọ́bì. A fi Òyìnbó pè é bí ẹni pé ọjọ́ tí Òyìnbó dé ló bá wọn wọ̀lú. Irọ́ ni. Nígbà Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin kì í ṣàdédé wọ ààfin. Ó gbọ́dọ̀ ní bàbá kékeré ní olú-ìlú, ẹni ńlá kan tí yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn dé etí ọba, tí yóò sì mú èsì bọ̀. Nínú ohun tí wọ́n bá rù wá, bàbá kékeré ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn di alágbára ní ọ̀rúndún 19, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò pẹ̀lú àwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn. Bí ẹnu bàbá kékeré yín bá tólẹ̀, ọ̀ràn ìlú yín á tètè yanjú. Bí kò bá tólẹ̀, ẹ̀yin àti ẹrù yín á pẹ́ lẹ́yìn odi.

Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí "alọ́bì" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, bàbá kékeré ni kí ẹ fi sọ́kàn. Owó ẹnu ló ń gbà, n kò sì rí ìtìjú nínú ìyẹn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni irú ẹni tó yẹ ká gbà láyè kó máa gbà á. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ńkọ́? Ṣé kí òfin jẹ́ kí ó dé aṣọ alọ́bì, kó máa wọlé tọ aṣòfin, àbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Ìyá mi ní òwe kan tí kì í pa bí òwe. Bí ìdájọ́ ló ṣe máa ń jà á lulẹ̀. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da aṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Òwe yẹn ni ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi. Ẹni tí adájọ́ bá ti rán lẹ́wọ̀n nítorí jìbìtì, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Kó máa wakọ̀. Kó máa kun ilé.

Ẹni tó mú mi rò bẹ́ẹ̀ ni Jack Abramoff.

Bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà ní 2005 sí 2006, orúkọ yẹn kò lè ṣàjèjì sí yín. Ní Washington, òun ni bàbá kékeré tí àwọn bàbá kékeré yòókù ń jowú. Ó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Pennsylvania Avenue, níbi tí àwọn aṣòfin ti ń jẹ tí wọ́n ń mu. Ó ń kó wọn lọ gbá góòfù ní Scotland. Àwọn tó sì ń sanwó fún un jù ni àwọn ẹ̀yà Indian, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, tí wọ́n ní ilé tẹ́tẹ́ tí wọn kò fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kàn. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Michael Scanlon, gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n sì ń pín in lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn tó ni owó mọ̀. Nínú ímeèlì tí wọ́n ń kọ síra wọn, ọ̀bọ ni wọ́n ń pe àwọn tó ń bọ́ wọn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn Tigua ní El Paso, Texas. Àwọn náà ní ilé tẹ́tẹ́ kan. Abramoff wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ìjọba Texas lè ti irú ilé tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ pa, owó ẹ̀yà mìíràn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun du oníbàárà ló sì ń ná sí i. Wọ́n ti ilé tẹ́tẹ́ àwọn Tigua pa ní 2002. Kò pẹ́ rárá tí Abramoff kan náà fi tọ̀ wọ́n lọ pé òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, pé àánú wọn ṣe òun, pé òun lè bá wọn ṣí i padà. Wọ́n san mílíọ̀nù 4.2 dọ́là fún Scanlon. Owó lọ, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹni tó dáná sun oko rẹ ló ń ta omi fún ọ yẹn, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2006, ó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ ní Washington pé òun lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn, pé òun lu jìbìtì, pé òun sì sá fún owó orí. Bob Ney, aṣòfin láti Ohio, bá ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n. Abramoff lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan lẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní 2010, ó rí iṣẹ́ ní ilé pizza kan ní Baltimore. Mo máa ń gba ọ̀nà Baltimore lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Ó máa ń wù mí láti rò ó pé mo ti lè bá a pàdé rí ní ibi tí iná pupa ti dá mi dúró.

Ó jáde tán, ó kọ̀wé, ó ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ra aṣòfin láìfowó lé e lọ́wọ́. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo fẹ́ràn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó bá ronú pìwà dà. Ìgbà tó di oṣù Òkúdù 2020, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní San Francisco tún fẹ̀sùn kàn án. Ọ̀kan jẹ́ ti irú owó kan tí wọ́n ń ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní AML Bitcoin. Èkejì ni pé ó gbà láti lọ́bì fún àwọn oníṣòwò igbó láìfi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alọ́bì. Ó sì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Láti 1995 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé kí alọ́bì fi orúkọ sílẹ̀, kó sọ ẹni tó gbà á síṣẹ́ àti iye tó ń gbà. Ní 2007 ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kún òfin yẹn fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú u. Ìwà ta ló mú kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kún un? Ìwà Abramoff. Òun ló dá pàṣán, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi nà.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pa òwe ìyá mi.

Àwọn aṣòfin náà rí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, tí í ṣe ọdún 13 géérégé sí ọjọ́ tí Abramoff kọ́kọ́ jẹ́wọ́, ààrẹ fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n dìídì ṣètò orúkọ rẹ̀ kó lè máa jẹ́ JACK Act. Sẹ́nétọ̀ kan láti Louisiana, John Kennedy (kì í ṣe Kennedy tí àwọn bàbá wa fi fọ́tò rẹ̀ kọ́ ògiri), ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí òfin náà sọ ni pé bí alọ́bì bá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi rí nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, jìbìtì, ìlọ́nilọ́wọ́gbà, kíkó owó jẹ, sísá fún owó orí, ìbúra èké, fífọ owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, àti irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó sọ ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi. Ìyẹn náà ni. Kò lé ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Mo bínú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Olè jí ewúrẹ́, ẹ ní kó kọ "mo jí ewúrẹ́" sí ìwé, kó sì máa da ewúrẹ́ lọ! Ó tún kù. Òfin yẹn kò lè mú Abramoff fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó dá ni pé kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Ibo ló ti máa kọ ọ́ sí?

Maryland tiwa ti gbìyànjú ohun tó le ju ìyẹn lọ tipẹ́. Alọ́bì kan wà ní Annapolis tó ń jẹ́ Bruce Bereano. Ní 1994, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a lẹ́bi jìbìtì, pé ó ń fi owó àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ìtọrẹ fún àwọn olóṣèlú, ó wá ń kọ ọ́ sí wọn lọ́rùn bí ìnáwó iṣẹ́. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá. Iṣẹ́ alọ́bì ńkọ́? Ó ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: kò lè dúró níwájú adájọ́ gba ẹjọ́ ẹni tó jí kẹ̀kẹ́ rò mọ́, àmọ́ ó lè jókòó ti ẹni tó ń ṣòfin.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló mú mi rẹ́rìn-ín tẹ̀dùntẹ̀dùn. Ní 2000, wọ́n dá alọ́bì mìíràn, Gerard Evans, lẹ́bi jìbìtì. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó dẹ́rù ba àwọn iléeṣẹ́ ọ̀dà pé àbá òfin kan ń bọ̀ lórí ọ̀dà olójé tí yóò bá òwò wọn jẹ́, kí wọ́n lè máa sanwó fún un láti bá wọn dá a dúró. Ẹ̀rù ló tà, ó sì tún ta oògùn ẹ̀rù. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2001, Maryland ṣe òfin pé àjọ tó ń mójú tó ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ alọ́bì tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Evans jáde, ó forúkọ sílẹ̀, àjọ náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní òfin tí wọ́n ṣe ní 2001 kò lè padà lọ mú ẹni tó ti ṣẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó wọlé padà. Ó sì di ọ̀kan lára àwọn alọ́bì tí owó wọn pọ̀ jù ní gbogbo Annapolis.

Mo rò ó títí. Ìdájọ́ yẹn tọ̀nà. Bí ìjọba bá lè ṣe òfin lónìí kó fi mú ọ lórí ohun tí o ṣe lánàá, kò sẹ́ni tó máa sùn. Ohun tó dùn mí ni àwọn tó tún gbà á síṣẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tún ka owó fún un, torí pé ẹni tó ti jìn sí kòtò náà ló mọ ibi tí kòtò wà.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, tí inú mi ṣì gbóná, kí bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wá bá mi.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ohun tó ti tó ogún ọdún báyìí, ó fi káàdì owó àwọn ẹlòmíràn rajà. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Orí ló yọ ọ́ tí wọn kò dá a padà sílé, nítorí ó ti di ọmọ onílùú ṣáájú. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣe é, Ìkẹjà ni ọkọ̀ òfuurufú já wọn sí. Nígbà tó jáde, kò rí iṣẹ́. Ó kọ fọ́ọ̀mù títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ní òru ló ti rí nǹkan ṣe níkẹyìn. Láti ọdún mélòó kan wá, ó máa ń bá àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí lọ sí Annapolis, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin tó bá kàn wọ́n: ìwé-àṣẹ iṣẹ́, pípa àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ìṣẹ́jú méjì tirẹ̀ dà bí ogún.

"Àbúrò," ó ní, "ẹgbẹ́ kan fẹ́ máa sanwó fún mi. Wọ́n ní kí n máa lọ bá wọn dúró níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ 90 yẹn. Ìwọ tí o máa ń kà nípa òfin, ṣé wọ́n á gbà mí?"

Mo ní, "Ẹ lọ bá lọ́yà, bọ̀dá mi."

Ó ní, "Èmi kò bi lọ́yà. Ìwọ ni mo bi."

Ojú tì mí. Jìbìtì wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ fún yín lókè yìí. Lójú ìwé, òun àti Abramoff, ọmọ ìyá ni wọ́n. Òfin tí mo ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n ṣe, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ mú, nítorí òun kò ní lọ́yà tó máa bá a dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Aṣọ àrán tí ìyá mi ń wí, bọ̀dá yìí kò tíì ní in rí. Ṣọ́ọ̀tì iṣẹ́ ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti ibi ẹrù bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣáájú rẹ̀. Ní 2015, gómìnà Maryland, Larry Hogan, kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin tó fẹ́ kí ẹni tó ti jáde lẹ́wọ̀n lè dìbò láìtíì parí àkókò tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ní 2016, àwọn aṣòfin fi ìbò borí rẹ̀, nǹkan bí 40,000 ènìyàn sì gba ìbò wọn padà. Àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n wà lára àwọn tó kan ilẹ̀kùn kiri fún ìyẹn. Ní Florida, Desmond Meade, tí òun náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tí kò nílé lórí nígbà kan, ló léwájú nínú ìpolongo tó mú kí àwọn olùdìbò tún òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2018, kí àwọn tó ti parí ìjìyà wọn lè máa dìbò, yàtọ̀ sí àwọn tó pànìyàn àti àwọn tó fipá báni lò. Ta ni ì bá bá wọn sọ ọ́? Ẹni tí bàtà kò ta kò mọ ibi tó ń dunni.

Ọ̀rọ̀ igbó ló wá já mi láyà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ 2023 ni Maryland ti gbà kí àgbà máa ra igbó ní ìtajà lábẹ́ òfin. Ní oṣù Òkúdù 2024, gómìnà Wes Moore dárí ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní 175,000 jì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ lórí igbó. Nítorí náà, ẹ fojú inú wo òfin tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí má lọ́bì mọ́. Ọmọkùnrin tó ta igbó ní òpópónà Baltimore ní 2005 á wà níta. Iléeṣẹ́ tó ń ta igbó kan náà lónìí, tó ní ìwé-àṣẹ àti fèrèsé gíláàsì, á wà nínú ilé pẹ̀lú alọ́bì tirẹ̀, wọ́n á sì jọ máa pinnu owó orí igbó.

Nítorí náà mo ti kúrò níbi tí mo dúró sí. N kò dé òdìkejì o. Ibi tí mo wà báyìí ni pé ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Dírẹ́bà tó mutí wakọ̀, ọkọ̀ la ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í ní kó má gbin iṣu mọ́. Evans fi ẹnu alọ́bì jalè, Abramoff fi ẹnu alọ́bì jalè. Ẹnu yẹn ni kí òfin fi nǹkan dí. Kí ó ní ìwọ̀n ọdún, kó má jẹ́ títí ayé. Ní Kánádà, kọmíṣọ́nà tó ń mójú tó lọ́bì lè ní kí ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lábẹ́ òfin lọ́bì fúnra rẹ̀ má lọ́bì fún ọdún méjì, ó pẹ́ tán. Ọdún méjì kéré lójú mi fún ẹni tó ta àwọn Tigua. Àmọ́ ẹ ò rí i pé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wá ni wọ́n ń nà, wọn kò na gbogbo ara.

Bọ̀dá tiwa, kó kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, kó wọlé. Mo ti padà fẹ́ràn òfin ìkọsílẹ̀ yẹn díẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò ní dọ́gba. Bí ẹni tó ní oníbàárà ogójì bá kọ "jìbìtì" sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní ọ̀gbọ́n ayé ló ní. Bí bọ̀dá bá kọ ọ́, wọ́n á di àpò wọn mú.

Òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò lórí èyí. Àtúnṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé òfin wọn ti fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹ̀bẹ̀ tọ ìjọba lọ, kò sì yọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Bọ̀dá lè lọ sọ ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Owó ni òfin ń wò. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn bá fi owó sí i lọ́wọ́ ni yóò di alọ́bì. Ó rí mi lára bákan pé òtòṣì lè sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà tó bá fẹ́ fi jẹun ni a máa tó bi í léèrè ibi tó ti wá.

Àwọn tó ń gba alọ́bì síṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ní 2003, Abramoff kọ̀wé sí Omar Bongo, ààrẹ Gabon, pé kó san mílíọ̀nù 9 dọ́là kí òun lè bá a ṣètò ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Bush. Bongo rí Bush lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀rí pé Abramoff ló ṣe é. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ní 2017, ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ tán fún Denis Sassou Nguesso, ààrẹ Congo-Brazzaville, tó fẹ́ rí Trump. Ẹni tó ń wá irú alọ́bì yẹn kò ka fọ́ọ̀mù. Orúkọ tí ayé ti mọ̀ pọ̀ mọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń wá.

Ní ilé ńkọ́, ẹ ó bi mí. Ní Nàìjíríà, a kò tíì ní ìwé tí alọ́bì ń forúkọ sílẹ̀ sí. Ohun tí a ní ni abala 66 nínú ìwé òfin 1999, tó ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́ kò gbọ́dọ̀ du ipò aṣòfin títí ọdún 10 á fi kọjá. Wọ́n lè má jẹ́ kó jókòó sórí àga, àmọ́ kò sí ohun tó ní kó má jókòó sẹ́yìn àga. A ti fi orúkọ bàbá ìsàlẹ̀ pe ìyẹn tipẹ́, a sì tún máa ń dárí jì wọ́n: Joshua Dariye àti Jolly Nyame, tí wọ́n ti jẹ gómìnà rí, wà lẹ́wọ̀n nítorí owó ìpínlẹ̀ wọn nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dárí jì wọ́n ní 2022. N kò ní fa ìyẹn gùn. Ọkàn mi wà ní Maryland lónìí.

Bọ̀dá gba iṣẹ́ náà. Lọ́yà kan tó ń bá ẹgbẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ bá a wo ìwé rẹ̀, ó ní kó lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo wà á lọ nítorí ọkọ̀ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ó wọ kóòtù tí ọkọ mi yá a. Apá rẹ̀ kúrú díẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ lórí Route 50, ilẹ̀ ti ṣú, mo ń sọ ìtàn Abramoff fún un, láti orí àwọn Tigua dé Scotland dé ilé pizza ní Baltimore. Kò dá mi lóhùn títí a fi dé Bowie.

"Ilé pizza yẹn," ó ní, "ta ló bá a wá iṣẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ṣé wọ́n ní kó kọ fọ́ọ̀mù?"

Mo ní n kò mọ̀, bọ̀dá.

Ó tú táì rẹ̀, ó ká a sínú àpò, ó ní kí n já òun sílẹ̀ ní ibi ẹrù, pé òun ṣì ní iṣẹ́ òru.